MÁ ṢE FI ÀGA Ọ̀GÁ GBẸ̀SAN

Lóṣù yìí, mo fẹ́ bá àwọn tí Ọlọ́run fi ènìyàn sí abẹ́ wọn sọ̀rọ̀. Ẹ má ṣe rò pé mánéjà báǹkì nìkan ni mo ń bá wí o. Ìyá tó ń din dòdò ní Ìkirè, tó ní ọmọbìnrin mẹ́ta tí ń bá a bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n àpọ́njù, tí àwọn mìíràn sì ń bá a gbé e lọ sí etí títì fún àwọn èrò ọkọ̀ Ìbàdàn sí Ifẹ̀, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ni ìyá yẹn. Ọ̀gá ilé ìwé, nọ́ọ̀sì àgbà, olórí ẹ̀ka ní kánsù Ìrẹ́wọlé tàbí ti Ìsọ̀kan, ẹni tó ni ilé búrẹ́dì, ẹni tó ni ilé ìlagi, télọ̀ tó ní ọmọ iṣẹ́ méjì péré, gbogbo yín ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Ìṣòro tiwa ni pé kò sí ẹni tó kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa bí a ti ń ṣe ọ̀gá. Iṣẹ́ la mọ̀ ọ́n ṣe. Tíṣà tó mọ ìṣirò kọ́ni dáadáa, òun ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá ilé ìwé. Ẹni tó mọ búrẹ́dì ṣe jù, òun ni wọ́n ní kó máa pàṣẹ fún àwọn tó kù. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun kì í bínú, ìṣirò kì í ní ìyàwó tó ń ṣàìsàn nílé. Ènìyàn ni iṣẹ́ tuntun tí wọ́n gbé fún wa, a sì ń ṣe é bí ẹni ń fọwọ́ wá ọ̀nà nínú òkùnkùn.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ ÀPÒMÙ

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ẹni tó bá ń gba Àpòmù kọjá lónìí yóò rí ìlú jẹ́jẹ́, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìsọ̀kan, tí kò jìnnà sí Ìkirè rárá. Ṣùgbọ́n ní ohun tó lé ní igba ọdún sẹ́yìn, ọjà Àpòmù wà lára àwọn ọjà tí òkìkí wọn kàn jù ní ilẹ̀ Yorùbá. Ibẹ̀ ni ará Ọ̀yọ́, ará Ifẹ̀, ará Òwu àti ará Ìjẹ̀bú ti ń pàdé ṣòwò. Ibi tí èrò bá sì ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, gbọ́mọgbọ́mọ kì í wọ́n níbẹ̀. Àwọn ènìyàn ń jí ẹlẹgbẹ́ wọn tà sóko ẹrú. Nítorí náà ni àṣẹ fi ti òkè wá sọ́dọ̀ Baálẹ̀ Àpòmù pé kí ó máa ṣọ́ ọjà náà, kí ó sì fìyà jẹ ẹnikẹ́ni tí ọwọ́ bá tẹ̀.

Àlùfáà Samuel Johnson, tó jẹ́ pásítọ̀ ìjọ Áńgílíkà ní Ọ̀yọ́, ló kọ ìtàn yìí sínú ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìtàn Yorùbá. Ó parí ìwé náà ní 1897, ó kú ní 1901, ṣùgbọ́n 1921 ni a tó tẹ̀ ẹ́ jáde. (Èyí tó kọ́kọ́ kọ sọnù. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló ṣe wàhálà láti tún un tò. Ẹ̀yin tí ẹ ní àbúrò, ẹ dúpẹ́.)

Johnson sọ pé ọmọ ọba Ọ̀yọ́ kan, Awólẹ̀ lorúkọ rẹ̀, máa ń wá ṣòwò ní agbègbè Àpòmù nígbà tí kò tíì jọba. Lọ́jọ́ kan, nítorí owó, ó ta ọ̀rẹ́ ara rẹ̀ tí wọ́n jọ ń rìn. Ọ̀rọ̀ dé etí Baálẹ̀. Wọ́n wá ọkùnrin náà kàn, wọ́n gbà á padà. Wọ́n mú Awólẹ̀. Baálẹ̀ kò lè pa á nítorí pé ọmọ ọba ni, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n nà án dáadáa. Ẹjọ́ parí síbẹ̀, tàbí kí á sọ pé Baálẹ̀ rò pé ó parí.

Ní nǹkan bí 1789, Alááfin Abíọ́dún wàjà, Awólẹ̀ sì gorí oyè. Àṣà ìgbà náà ni pé wọn a bi ọba tuntun pé ta ni ọ̀tá rẹ̀, kí ogun àkọ́kọ́ lè dojú kọ onítọ̀hún. Ẹ rò ó wò. Gbogbo ìjọba Ọ̀yọ́ wà ní ọwọ́ ọkùnrin yìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹṣin àti ọmọ ogun. Ta ni ó dárúkọ? Baálẹ̀ Àpòmù! Baálẹ̀ sá lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Nígbà tó rí i pé òun kò lè rí ààbò níbẹ̀, kí ogun má baà run ìlú rẹ̀ nítorí tirẹ̀, ó gbẹ̀mí ara rẹ̀, wọ́n sì gbé orí rẹ̀ lọ sí Ọ̀yọ́ láti fi tu ọba nínú.

Mo ti ka ìtàn yìí ní àìmọye ìgbà, kò sì sí ìgbà tí ó ń tán nínú mi. Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ Baálẹ̀? Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ló ṣe. Ẹni tó ṣẹ̀ ló fìyà jẹ, ẹni tí wọ́n tà ló gbà sílẹ̀. Àwa a máa sọ pé ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ẹni tó ṣu gan-an ni kò gbàgbé, nítorí pé ó jẹgba níbẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ọ̀gá fi ọkàn sí ju gbogbo rẹ̀ lọ nìyí: kì í ṣe Baálẹ̀ nìkan ni ọba bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Gbogbo ìjòyè, gbogbo ológun, gbogbo baálẹ̀ ìlú kéékèèké tó kù, gbogbo wọn ló ń wò. Ẹ̀kọ́ wo ni wọ́n kọ́? Wọ́n kọ́ pé ṣíṣe iṣẹ́ ẹni bí iṣẹ́ kò ní ààbò lọ́dọ̀ ọ̀gá tuntun yìí. Wọ́n kọ́ pé tí o bá rí ọmọ ènìyàn ńlá tó ń jalè, kí o gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítorí o kò mọ ohun tí yóò dà lọ́la. Nígbà tó yá, ọba tún rán ogun sí Ìwéré, ètò ìkọ̀kọ̀ sì wà nínú rẹ̀ láti fi rẹ́yìn Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tirẹ̀. Àwọn olórí ogun gbọ́ fìrí, wọ́n kẹ̀yìn sí ọba, wọ́n sì gbé igbá òfìfo ránṣẹ́ sí i, èyí tó túmọ̀ sí pé wọ́n kò fẹ́ ẹ mọ́. Báyìí ni Awólẹ̀ ṣe kú, ní nǹkan bí 1796, pẹ̀lú èpè lẹ́nu. Èmi kò sọ pé ọ̀rọ̀ Àpòmù nìkan ló fọ́ Ọ̀yọ́, ohun púpọ̀ ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọba wẹ̀yìn wò tí kò rí ẹni tó dúró tì í, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

ÈMI NÁÀ ṢE É

Ẹ má ṣe rò pé mo gun orí òkè máa bú ọba tó ti kú. Kí n tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì, mo ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó ń tọ́jú ilé ìkẹ́rù, ó tó bàbá mi lọ́jọ́ orí. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ òṣìṣẹ́ kékeré, mo fẹ́ mú irinṣẹ́ jáde láìkọ ọ́ sínú ìwé, nítorí pé mo ń kánjú. Bàbá ní rárá. Mo bínú, mo mú un jáde nígbà tó yí ẹ̀yìn padà. Ó kọ orúkọ mi lọ sí ọ́fíìsì, wọ́n sì fún mi ní lẹ́tà ìkìlọ̀.

Lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n fi mí ṣe fóòmàn, bàbá yìí sì wà lábẹ́ mi. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ gan-an ni mo kọ kúérì sí i pé ó pẹ́ dé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àwọn mìíràn pẹ́ jù ú lọ lọ́jọ́ náà, mo sì rí wọn. Kò pẹ́, mo gbé e kúrò ní ilé ìkẹ́rù lọ sí ẹnu géètì, mo fi ọmọkùnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín sí mi rọ́pò rẹ̀. Mo sọ fún gbogbo ènìyàn pé ìyípadà iṣẹ́ lásán ni. Mo sọ fún ara mi náà bẹ́ẹ̀, mo sì gbà á gbọ́. Ẹ̀san kì í jẹ́ orúkọ rẹ̀ gan-an ní ibi iṣẹ́, “ètò tuntun” ló máa ń jẹ́.

Ọmọkùnrin tó ń rẹ́rìn-ín yìí kò kọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí o bá fẹ́, mú un lọ. Nígbà tí wọ́n ka ẹrù ní ìparí ọdún, ẹrù kò pé, èmi ni wọ́n sì pè sí ọ́fíìsì. Èmi yóò padà sí ọ̀rọ̀ bàbá yẹn.

BÍ A TI Ń BÁ ÒṢÌṢẸ́ WÍ

Bí ọ̀gá bá ti mọ̀ pé inú òun ń ru sí ẹnì kan nítorí ọ̀rọ̀ àtẹ̀yìnwá, kí ó fi ọ̀rọ̀ ẹni náà lé ọ̀gá mìíràn lọ́wọ́, tàbí kí ó sùn lórí rẹ̀ kí ó tó kọ ohunkóhun sílẹ̀. Kí ó sì bi ara rẹ̀ léèrè pé, “Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí mo fẹ́ràn jù níbí ló ṣe ohun yìí, kí ni ǹ bá ṣe fún un?” Ohun tí o bá máa ṣe fún ẹni tí o fẹ́ràn náà ni kí o ṣe fún èyí tí o kò fẹ́ràn, ní ìwọ̀n kan náà.

Lẹ́yìn náà, béèrè kí o tó dájọ́. Agbẹ́jọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kankan pàápàá. Pe onítọ̀hún sí kọ̀rọ̀. Sọ ohun tí o fi ojú rẹ rí, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Má ṣe fi kún un pé, “Bí ẹ ṣe ń ṣe nílé yín nìyẹn.” Ilé wọn kò pẹ́ dé ibi iṣẹ́, òun ló pẹ́ dé. Bí o bá ti sọ̀rọ̀ tán, dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yìí ló ṣòro jù fún àwa Yorùbá tí a fẹ́ràn ọ̀rọ̀, àti fún àwa pásítọ̀ jùlọ!

Ní pàtàkì, mo fẹ́ bá ẹ̀yin ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀yin tí ẹ jáde yunifásítì, bóyá ní ọgbà UNIOSUN tó wà ní Ìkirè níbí, tí wọ́n wá fi yín ṣe olórí àwọn tó tó ìyá àti bàbá yín. Àwọn kan nínú yín ń bẹ̀rù débi pé wọn kò lè sọ̀rọ̀, iṣẹ́ sì ń bàjẹ́. Àwọn mìíràn ń jágbe mọ́ àgbà kí wọ́n lè mọ̀ pé ọ̀gá dé. Kò sí èyí tó dára nínú méjèèjì. Kí àgbà ní òwúrọ̀ bí ọmọ Yorùbá ti ń kí àgbà, kúnlẹ̀ bí o bá ń kúnlẹ̀. Ìkúnlẹ̀ kò dí iṣẹ́ lọ́wọ́. Tí o bá wá fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀, wí pé: “Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹ jọ̀ọ́, mo rí i pé lọ́sẹ̀ yìí ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ dé ní aago mẹ́sàn-án, aago mẹ́jọ sì ni a ń bẹ̀rẹ̀. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sà?” Bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n má ṣe bo aago mẹ́sàn-án mọ́lẹ̀. Má sì ṣe rán ọmọ kékeré lọ jẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún àgbà. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o lọ.

Ìdáhùn tí o máa gbọ́ lè yà ọ́ lẹ́nu. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, owó ọkọ̀ ti di ohun ìbẹ̀rù. Mo mọ òṣìṣẹ́ tó ń fi ẹsẹ̀ rìn apá kan ọ̀nà ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ti ń pè é ní ọ̀lẹ fún oṣù mẹ́ta kí ó tó bi í léèrè. Nígbà tó béèrè, ìṣẹ́jú márùn-ún ló gbà wọ́n láti ṣètò kí ó máa dé ní aago mẹ́sàn-án kí ó sì máa lọ ní aago márùn-ún.

OWÓ ÒṢÌṢẸ́

Níbí, n kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. San owó ènìyàn ní ọjọ́ tó yẹ. Bí owó kò bá sí, pè wọ́n jọ ṣáájú ọjọ́ náà, kí o sọ òtítọ́ fún wọn, kí o sì dá ọjọ́. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí ẹ gba ààbọ̀ owó oṣù láàárín 2015 sí 2018, kò sí ohun tí mo fẹ́ kọ́ yín lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n mélòó nínú yín tí ara ta nígbà náà ló wà nílé lónìí tó jẹ ọmọ ọ̀dọ̀ tàbí ọmọ iṣẹ́ ní owó oṣù méjì?

Ó yẹ kí á mọ òfin pẹ̀lú. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, tó ti wà láti 1971, sọ pé láàárín oṣù mẹ́ta tí o bá gba òṣìṣẹ́, o gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé tó sọ irú iṣẹ́ rẹ̀, owó rẹ̀ àti àkókò iṣẹ́ rẹ̀. Tó bá ti pé ọdún kan, ó ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà, ó kéré tán, pẹ̀lú owó. Tí o bá fẹ́ dá a dúró, ìkìlọ̀ ọ̀sẹ̀ kan ni fún ẹni tó ti lò ju oṣù mẹ́ta lọ tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì fún ẹni tó ti lo ọdún méjì tí kò tíì pé márùn-ún, oṣù kan fún ẹni tó lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó sì máa dun àwọn kan: o kò lè dédé yọ owó àwo tó fọ́ tàbí ọjà tó sọnù nínú owó oṣù òṣìṣẹ́. Àfi tí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ bá kọ́kọ́ fọwọ́ sí i ní ìwé, lẹ́yìn tó rí i pé àìbìkítà tàbí àmọ̀ọ́mọ̀ṣe ló fà á. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin là sílẹ̀ sì di ₦70,000 ní ọdún 2024. Ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 kò sí lábẹ́ ìyẹn, ṣùgbọ́n ọjà tí ìwọ ń ná ni òṣìṣẹ́ rẹ náà ń ná.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó ń dùn mí. Àwọn ará wa kan a gba ọmọ ìjọ sí iṣẹ́, wọn a wá máa fi àdúrà san owó fún un. “Arábìnrin, Olúwa yóò bù kún ọ.” Àmín o, ṣùgbọ́n arábìnrin náà fẹ́ ra gààrí. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ọmọ ìjọ ni wọn kò lè bá wí, wọ́n á gbé ẹjọ́ rẹ̀ tọ pásítọ̀ wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ń jí owó búrẹ́dì kò nílò pásítọ̀ nìkan, ó nílò ọ̀gá tó ń ka owó ní ìrọ̀lẹ́.

GBÉ KỌ́KỌ́RỌ́ PẸ̀LÚ IṢẸ́

Ẹ rántí Jẹ́tírò, àna Mósè, nínú Ẹ́kísódù orí kejìdínlógún. Ó rí i tí Mósè ń dá ẹjọ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́, ó sì sọ fún un pé yóò dá ara rẹ̀ lágara, yóò sì dá àwọn ènìyàn náà lágara. Ó ní kí ó yan olórí ẹgbẹ̀rún, ọgọ́rùn-ún, àádọ́ta àti mẹ́wàá. Gbogbo wa la ti wàásù lórí rẹ̀. Síbẹ̀, mo mọ ọ̀gá ilé ìwé kan tó yan tíṣà láti máa bójú tó ìwé àti ṣọ́ọ̀kì, tí kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù sì wà lọ́rùn ọ̀gá fúnra rẹ̀. Ọjọ́ tí ọ̀gá bá lọ sí Òṣogbo fún ìpàdé, kò sí ṣọ́ọ̀kì. Bí o bá gbé iṣẹ́ fún ènìyàn, gbé kọ́kọ́rọ́ fún un. Sọ ohun tó lè dá ṣe láìbi ọ́, sọ ohun tó gbọ́dọ̀ wá bi ọ́, kí o sì dá ọjọ́ tí ẹ ó jọ wò ó. Bí ó bá ṣe àṣìṣe, má ṣe sáré gba kọ́kọ́rọ́ padà lójú àwọn ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀rọ̀ bàbá wa nì. Nígbà tí wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì lórí ẹrù tó sọnù, mánéjà àgbà bi mí ní ìbéèrè kan péré: “Ta ló ń tọ́jú ibẹ̀ tẹ́lẹ̀?” N kò lè gbé ojú mi sókè. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, mo wá ilé bàbá náà lọ, mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ohun tí mo ṣe àti ìdí tí mo fi ṣe é, n kò pè é ní ètò tuntun mọ́. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó ní kí n dìde, ó wọ yàrá lọ, ó sì gbé ìwé kékeré kan jáde. Gbogbo oṣù tó fi wà ní ẹnu géètì ló ti ń kọ ọ́ síbẹ̀: ọjọ́ tí ẹrù jáde, aago, nọ́ńbà ọkọ̀, orúkọ ẹni tó gbé e. Ohun tí gbogbo wa ń wá ní ọ́fíìsì wà nínú ìwé náà, ó pé pérépéré.

Mo ní, “Bàbá, kí ló dé tí ẹ kò mú un wá?”

Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ kò bi mí.”